Àwọn Ìràwọ̀ tí Mo Fi Pamọ́ ní Ayétòrò

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Ọ̀pẹ, 2024

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó mú mi rí ìparí ọdún kan sí i, tí ó sì fi agbára sí eékún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gun àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn ní ọjọ́ Kérésìmesì láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ó ti pẹ́ tí n kò ti kọ nǹkan kan sínú ìwé yìí. Ohun tí ó mú mi tún gbé kálámù ni pé Dinah, ọmọ Ọdúnayọ̀ ọmọ wa, dé láti Kútọnu ní àná. Ibí ni ó fẹ́ ti parí ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó ń kọ fún yunifásítì rẹ̀, yóò sì wà lọ́dọ̀ wa títí oṣù Èrèlé yóò fi parí.

Faransé ni ọmọ náà ń sọ, pẹ̀lú èdè Ègùn tí í ṣe ti ìyá rẹ̀. Ní ti Yorùbá, ó mọ ìkíni, ó sì mọ orúkọ oúnjẹ díẹ̀. Àrìnpé ìyàwó mi dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kì í ní oríkì, ọmọ náà sì ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ń wo òjò láti ojú fèrèsé. Bí kì í bá ṣe pé ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n ní Pọ̀bẹ̀, lódìkejì ààlà, ni mo ti kàwé ní kékeré, tí mo sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Faransé títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀rín nìkan ni à bá máa rín síra wa.

Ọyẹ́ ti mú. Ètè gbogbo ènìyàn ń là.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Ọ̀pẹ

Mo bi Dinah léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi àwòrán kan hàn mí: ohun méjì tí ó dà bí ògì tí a fi ìka rò nínú omi, tí apá ọ̀kan nà mọ́ ti èkejì. Ó ní ìràwọ̀ ni gbogbo rẹ̀, wọn kò lóǹkà, wọ́n sì ń kọjá lára ara wọn. N kò ní orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní èdè wa. Mo pè é ní agbo ìràwọ̀.

Ó ní eruku wà ní àárín àwọn ìràwọ̀, eruku tí ó kúnná bí èéfín, tí àwọn ìràwọ̀ àtijọ́ tú jáde nígbà tí wọ́n ń kú lọ. Bí agbo méjì bá súnmọ́ ara wọn, ìràwọ̀ kì í sábà kọlu ìràwọ̀, nítorí àyè tí ó wà láàárín wọn pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ àti eruku inú wọn ni í máa fún pọ̀, tí í máa wúwo, títí yóò fi di ìràwọ̀ titun. Inú eruku náà ni a ti ń bí wọn, nítorí náà ojú lásán kò lè rí wọn. Ooru tí eruku náà ń gbé jáde ni òun ń wọ̀n, kí òun lè mọ iye tí a ń bí.

Ní àárọ̀ yìí oòrùn yọ pupa bí ẹyìn ọ̀pẹ tí ó pọ́n, ènìyàn sì lè tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Dinah nawọ́ sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni eruku ṣe ń sọ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ di pupa. Mo jókòó ti ọmọ ọmọ mi, mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀, inú mi sì dùn ju bí mo ti lè kọ sílẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Ṣẹẹrẹ, 2025

Alàgbà Ọ̀ṣunníyì, olórí ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ìjọ wa, wá kí wa kú ọdún. Ó ti gbọ́ nípa iṣẹ́ Dinah, ó sì fẹ́ kí ó bá ìjọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé èyí tí ó ń bọ̀. Èmi ni n ó ṣe ògbufọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe fún gbogbo àlejò tí ó bá ti òdìkejì ààlà wá.

Mo sìn ín dé ẹnu géètì. Ibẹ̀ ni ó ti dúró.

"Tíṣà, ohun tí ọmọ yìí fẹ́ sọ, kò ní da ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn rú?"

Mo ní kò ní dà á rú.

"Ó dára. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé."

N kò bi Dinah ní ìbéèrè kan kí n tó dáhùn.

Ọjọ́ Ìsinmi, 12 Ṣẹẹrẹ

Mo ti ṣẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí.

Ilé ìjọsìn kún dé ẹnu ọ̀nà. Ní ìjọ tiwa, ọwọ́ òsì àlejò ni ògbufọ̀ máa ń dúró sí, pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, láìsí bébà. Àlejò á sọ gbólóhùn kan, ògbufọ̀ á sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ohun tí ó bá ti ẹnu ògbufọ̀ jáde ni ìjọ gbọ́. Nínú àwọn tí mo kọ́ ní Faransé, ọ̀pọ̀ ti ṣí kúrò ní Ayétòrò; àwọn tí ó ṣì gbọ́ ọ láàárín wa kò tó nǹkan, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀ lónìí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti fi ojú wá wọn kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi tí mo ń kọ èyí, kí ni mo ń fi ojú wá wọn fún?

Ọmọ náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sọ nípa ẹyin iná tí Àrìnpé máa ń fi eérú bò nínú ààrò: ojú kò rí i, ṣùgbọ́n bí a bá na àtẹ́lẹwọ́ sí i, a ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní awò ńlá tí àwọn fi ń wo ojú ọ̀run dà bí àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti sọ ọ́. Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ìgbọnwọ́ tọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé iṣẹ́ náà kò tíì dópin. Pé nínú agbo ìràwọ̀ tiwa pàápàá, bí a ti jókòó yìí, a ń bí ìràwọ̀ lọ́wọ́.

Alàgbà Ọ̀ṣunníyì wà ní àga iwájú, ọ̀pá rẹ̀ láàárín eékún rẹ̀. Èmi ni ó ń wò, kì í ṣe Dinah.

Mo la ẹnu mi. Mo ní, "Ọmọ yìí wí pé ní ọjọ́ kẹrin ìṣẹ̀dá ni Ọlọ́run parí gbogbo ìràwọ̀, ẹyọ kan kò sì kù lẹ́yìn."

Ìjọ dáhùn pé Àmín, ohùn wọn sì kọlu páànù òrùlé. Dinah rò pé òun ni wọ́n ń ṣe Àmín fún. Ó wolẹ̀ fún wọn.

Kò gbà mí ju èémí kan lọ. Bí ó ti rọrùn tó ni ó ń dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́ Ajé, 13 Ṣẹẹrẹ

N kò lè jẹun. Mo sọ fún Àrìnpé pé eyín ń dùn mí. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ṣẹẹrẹ

Kò sí ibi tí mo dé tí wọn kò dá mi dúró. Ọlọ́kadà kan pa ẹ̀rọ rẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó lè sọ fún mi pé inú òun dùn pé onímọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè ti fi ọwọ́ sí ohun tí a gbà gbọ́. Wọ́n ti fi orúkọ Dinah jẹ́rìí sí ohun tí kò sọ. Alàgbà kó iṣu ránṣẹ́ sí wa fún iṣẹ́ dáadáa tí a ṣe. Dinah fẹ́ràn iṣu náà. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀.

Mo ti ń sọ fún ara mi pé ààbò ni mo fi bo ọmọ náà, kí wọ́n má baà fi ojú burúkú wò ó. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù. Èmi ni ẹni tí ẹ̀rù ń bà, òun ni mo sì fi ṣe ìbòjú.

Pẹtiróòlù tún ti gbówó lórí. Wákàtí díẹ̀ ni a ń tan jẹnẹrétọ̀ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó pa á.

Àrìnpé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní Yorùbá. Ó da ẹ̀wà sórí àtẹ ní ilé ìdáná, ó ń kọ́ ọ ní òǹkà. Mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ náà ti ń fi imú pe mẹ́fà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹẹrẹ

A lọ sí Ìgbógìlà, sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí wọ́n ti pe Dinah kí ó wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ọkọ̀ Alàgbà Ọ̀ṣunníyì ni ó gbé wa lọ, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó síwájú bí ó ti ṣe ní Ayétòrò. Kí ni mo lè ṣe? Bí mo bá sọ òótọ́ ní Ìgbógìlà, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé mo purọ́ ní Ayétòrò. Nítorí náà mo tún un sọ bí mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ yọ̀ lẹ́nu mi ju ti ìṣáájú lọ.

Nígbà tí a délé, mo ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ nígbà tí Dinah wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá," ó ní, "mo gbọ́ kẹrin."

Yàtọ̀ sí ìkíni, gbólóhùn Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó sọ sí mi láti ìgbà tí a ti bí i nìyẹn. Ó wá fi Faransé bi mí pé, kí ni ẹ̀kẹrin ń wá nínú ọ̀rọ̀ òun? Òun kò dárúkọ mẹ́rin kankan.

Mo sọ fún un pé etí rẹ̀ ni kò tíì mọ́ sí èdè wa. Pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ jọra nínú rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní kí n máà bínú.

Ọmọ náà gbọ́ ohun tí ó gbọ́, ó sì gbọ́ ọ pé. Èmi, olùkọ́ láti ọmọdé, mo fi àmì àìyege sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Ṣẹẹrẹ

Dinah kò lọ sí ilé ìdáná fún ẹ̀kọ́ rẹ̀ lánàá, kò sì lọ lónìí. Àrìnpé wá a wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ó ní kí n bá òun sọ fún Màmá pé òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun rò pé a kò dá etí òun mọ́ Yorùbá. Kí Màmá má ṣe dààmú mọ́.

Èmi ni mo túmọ̀ ìyẹn náà. Èyí, mo túmọ̀ rẹ̀ déédéé.

Àrìnpé kó ẹ̀wà padà sínú agolo.

Ọjọ́ Ìsinmi, 2 Èrèlé

Èmi ni mo ka ẹ̀kọ́ kìíní. Ohùn mi kò mì. N kò jáde lọ sí ibi oúnjẹ mímọ́. Mo sọ fún ẹni tí ó jókòó tì mí pé ikọ́ ń ṣe mí.

Igi kájú ti ń yọ òdòdó lẹ́yìn ilé. Eruku ọkọ̀ tírélà tí ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ìbèṣè ti bo ewé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ àwọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà ní Ẹ̀gúà ránṣẹ́ pé kí Dinah wá bá àwọn náà sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Suliat, ìyá oníàlùbọ́sà tí ó jẹ́ olórí wọn, ni ó pe fóònù fúnra rẹ̀. Ọdọọdún ni obìnrin náà ń kó àlùbọ́sà gba Pọ̀bẹ̀ wọlé. Ní Ẹ̀gúà, ọmọ tí kò tíì lè kàwé ti lè fi Faransé ná ọjà. Bí mo bá yí ìdajì gbólóhùn padà níbẹ̀, àgọ́ ọjà náà yóò dáhùn kí n tó pa ẹnu dé.

Mo pinnu láti jẹ́wọ́ fún Dinah kí ọjọ́ náà tó pé. Nígbà tí a ń jẹun àárọ̀, mo pe orúkọ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ń dán: ìṣirò tí ó ti ń dà á láàmú láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ti yanjú. Apá ibi tí agbo méjèèjì ti kanra gan-an ni eruku ti gbóná jù, ìràwọ̀ titun sì pọ̀ níbẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Ó fẹ́ kí èmi kọ́kọ́ gbọ́ kí òun tó kọ̀wé sí ọ̀gá òun.

Mo kí i kú oríire. Mo mu ògì mi tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé

Ní àárọ̀, mo fi aṣọ ìbora bo ara mi dé ọrùn, mo sì ń húkọ́. Mo jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún ó dín díẹ̀, mo sì dùbúlẹ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sí ilé-ìwé. Dinah gbé omi gbígbóná wá fún mi. Àrìnpé bá a lọ sí Ẹ̀gúà. Suliat ní kí n fara balẹ̀, òun yóò ṣe ògbufọ̀ bí òun bá ti lè ṣe é tó.

Wọ́n dé kí oòrùn tó wọ̀. Mo ti ń gbọ́ ohùn Dinah láti ìta. Ó ní àwọn obìnrin náà kò jẹ́ kí òun sọ gbólóhùn mẹ́ta láìbi òun léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀kan bi í pé, bí agbo méjèèjì bá kọjá lára ara wọn tán, tí oníkálukú bá ń lọ, ta ni yóò kó àwọn ọmọ? Dinah dáhùn pé àwọn kan a bá tibí lọ, àwọn kan a bá tọ̀hún lọ, àwọn mìíràn a sì kù sí agbedeméjì. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni ti ilé òun náà rí. Ọmọ òun kan ń bẹ ní Kétu, ọ̀kan ń bẹ ní Ìlaròó, ọ̀kan kò sì tíì sọ ibi tí òun ń lọ. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bí ìràwọ̀. Ó ní inú òun dùn pé òun kò kú kí òun tó gbọ́.

Dinah wá jókòó ní ẹsẹ̀ ibùsùn mi. Ó bi mí pé, kí ló dé tí ẹnì kankan kò bi òun ní ìbéèrè kan ṣoṣo ní ìjọ wa?

Mo húkọ́.

Nígbà tí ó jáde, Àrìnpé ti ilẹ̀kùn. Ó ń tú gèlè rẹ̀.

"Bàbá Ọdúnayọ̀, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí lẹ́nu yín, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu Suliat lónìí. Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Èwo ni tirẹ̀?"

Mo ní, "Ti Suliat ni."

Ó ká gèlè náà sí méjì, ó sì tún un ká.

"Ẹ̀yin náà ni ẹ sọ fún un pé etí rẹ̀ kò dáa?"

"Èmi ni."

"Ẹ dìde níbẹ̀ o. Kò sí ikọ́ kankan lọ́rùn yín."

Ọjọ́ Ìsinmi, 9 Èrèlé

Mo jẹ́wọ́ fún Dinah lẹ́yìn ìsìn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò bẹ̀bẹ̀ kí n tó sọ ọ́ tán. Ó ní kí n fi Faransé sọ ohun tí mo wí fún ìjọ gan-an, mo sì sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi kàwé, ohun tí wọ́n ń kọ́ òun kò ju ẹyọ kan lọ: kí òun má ṣe sọ ju ohun tí òun rí lọ. Ó ní òun a máa da iṣẹ́ oṣù mẹ́fà nù nítorí ìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀yin sì ni Bàbá mi."

Lẹ́yìn náà ó fi Yorùbá sọ ọ́: "Mo gbọ́ kẹrin."

"O gbọ́ ọ, ọmọ mi. O gbọ́ ọ dáadáa. Èmi ni mo purọ́ mọ́ etí rẹ."

Ó dìde, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé

Dinah kò bá mi sọ Faransé mọ́. Ní òwúrọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," á sì kọjá. Bí mo bá fi Faransé bi í ní nǹkan, orí ni yóò mì.

Àtẹ ẹ̀wà ti padà sí ilé ìdáná. Mo ń gbọ́ wọn láti iyàrá mi. Wọ́n ti kúrò ní òǹkà. Orúkọ ohun èlò ni wọ́n wà báyìí, Àrìnpé á gbé e sókè, á pè é, ọmọ náà á pè é tẹ̀lé e. Ó ń kánjú. Mo mọ ìdí tí ó fi ń kánjú: kí ó má baà nílò mi mọ́.

Gàrí wálẹ̀ díẹ̀ lọ́jà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà mìíràn, ǹ bá ti kọ iye rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Èrèlé

Mo gba àyè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní àlejò ń lọ láìpẹ́, kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Alàgbà Ọ̀ṣunníyì gbé ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, èmi ni mo ní kí o yí i padà?"

"Ẹ kò ní bẹ́ẹ̀, sà."

"Mo bi ọ́ léèrè ni, kí n lè mọ ohun tí n ó wí bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi mí. O sọ fún mi pé kò léwu, o kò sì bi ọmọ náà. Ìwọ fúnra rẹ ni o fi ẹ̀rù sí mi lójú, o wá ń sá fún un."

Láti oṣù Ṣẹẹrẹ ni mo ti ń gbé ọkùnrin yìí ká nínú àyà mi bí adájọ́, kò sì mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Wọ́n pinnu pé bí Dinah bá gbà, kí ó tún bá ìjọ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kẹtàlélógún. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó fi kíka ẹ̀kọ́ àti ògbufọ̀ sílẹ̀ títí Àjíǹde yóò fi kọjá, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó dùn mí dé egungun, ó sì tọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé

Àrìnpé ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka Dinah létí; èmi kò lójú láti ṣe é. Lẹ́yìn náà ọmọ náà bá mi sọ Faransé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá lọ́hùn-ún. Ó ní òun yóò sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe ẹlòmíràn ni yóò ṣe ògbufọ̀; ẹnu tí ó yí i padà ni kí ó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n Suliat yóò wá láti Ẹ̀gúà, yóò sì jókòó ní àga iwájú.

Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún Àrìnpé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ìborùn nu ojú. Ó ní, "Ẹ ti rí ọ̀gá yín."

A pe Suliat lórí fóònù. Ó ní òun kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí bí kò ṣe fún ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n òun yóò wá. "Ẹ má ṣe jáyà, Bàbá. Bí ẹ bá ti yà lọ́nà báyìí, màá kàn húkọ́ fún yín ni."

Nítorí náà, wọ́n ti sọ fún un nípa ikọ́ náà pẹ̀lú.

Ọjọ́ Ìsinmi, 23 Èrèlé

Ọyẹ́ ti ká lọ. Ìkùukùu ṣú díẹ̀ ní àárọ̀, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀.

Suliat dé pẹ̀lú ìbòrí funfun, ó jókòó sí àga iwájú, Alàgbà Ọ̀ṣunníyì sì sún fún un. Kí Dinah tó sọ̀rọ̀, mo sọ fún ìjọ pé ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi ní oṣù Ṣẹẹrẹ nípa ọjọ́ kẹrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, pé èmi ni mo fi í kún un, pé ẹ̀rù ni ó bà mí. Kò sí Àmín kankan. Mo rí obìnrin kan tí ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo kọ́ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta.

Dinah sọ̀rọ̀, mo ń tẹ̀lé e. Mo ń wo ojú Suliat ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tí ń ka ìwé lójú olùkọ́. Mo sọ nípa eruku. Mo sọ nípa agbo méjì tí ń kọjá lára ara wọn. Mo sọ pé a ń bí ìràwọ̀ lọ́wọ́, bí a ti jókòó yìí. Òrùlé kò wó. Ọmọdékùnrin kan bi ìyá rẹ̀ bóyá ìràwọ̀ tí a ń bí máa ń dún, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè wá ń jáde láti ibi gbogbo, títí kan àwọn akọrin.

Nígbà náà ni Alàgbà Ọ̀ṣunníyì dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Ìbéèrè tèmi kò gùn. Ta ni ó ń bí wọn?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Dinah. Ó dáhùn ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé ooru ni awò òun ń rí. Ẹni tí ó dá iná náà, awò òun kò lè rí i, òun kò sì ní sọ pé ó rí i.

Mo kọjú sí ìjọ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo mọ ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ó sì wà ní orí ahọ́n mi. Ìjọ yóò dáhùn pé Àmín, ojú tí ó yí kúrò lọ́dọ̀ mi yóò padà. Kì yóò tilẹ̀ jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n kì yóò jẹ́ ti ọmọ náà.

Mo ní, "Ó wí pé ooru ni awò òun ń rí. Ẹni tí ó dá iná náà, awò òun kò lè rí i, òun kò sì ní sọ pé ó rí i."

Suliat kò húkọ́.

Alàgbà mi orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó kù, ìgbàgbọ́ tèmi mọ̀ ọ́n." Ó sì jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Èrèlé

Dinah lọ ní àárọ̀ yìí. A sìn ín dé ibùdókọ̀. Àrìnpé di láfún àti ẹja gbígbẹ fún un bí ẹni pé wọn kò ń jẹun ní Kútọnu. Ní ti èmi, n kò mọ ohun tí mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ, mo kàn di àpótí rẹ̀ mú títí awakọ̀ fi gbà á.

Ó ti wọlé tán kí ó tó yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. Yorùbá ni ó sọ, ó ń tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń rìn lórí òkúta inú odò.

"Bàbá, ẹ kọ lẹ́tà sí mi. Ní Yorùbá."

Mo ní n ó kọ ọ́, n ó sì kọ Faransé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

"Rárá. Yorùbá nìkan. Màá kà á fúnra mi."

Ọkọ̀ gbéra. Mo ti jókòó láti ìgbà tí a délé, bébà wà níwájú mi, mo sì ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé e kalẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò ní dúró láàárín wa mọ́.

Ìwọ tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn mi, ọmọ mi ni ọ́ tàbí àlejò, kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí orí ibùsùn àti ibi ìdáná rẹ. Kí àwọn tí o bí lè gbọ́ ohùn rẹ ní òótọ́, kí ìwọ náà lè gbọ́ tiwọn láìsí ẹni tí yóò yí i padà. Kí ilé rẹ má ṣe tutù láé.